Àwọn Tó Gbé Black Orpheus Ró

Ẹni tó ń gbé Abúlé Adó, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Trade Fair lọ sí Festac lójoojúmọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń dá dúró, tó sì ń ro ohun tí yóò tà àti ohun tí yóò rà, bóyá ni yóò fi rántí pé iṣẹ́ ọnà ni ìjọba tìtorí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé Festac wọ̀nyẹn. Àwọn akéwì, onílù, oníjó àti agbẹ́gilére láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ni wọ́n kọ́ ọ dè, nígbà tí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, gba àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé lálejò níbi àjọyọ̀ tí a pè ní Festac, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Owó epo rọ̀bì ni ìjọba ná sí i, wọ́n sì ná an bí ẹni pé kò lè tán. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó mọ̀ pé a lè tìtorí iṣẹ́ ọnà kọ́ odindi ìlú, àwọn ènìyàn perete kan ti fi ogún ọdún ṣíwájú wọn ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Lójú tèmi, àwọn ló yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ nígbà tí a bá ń pìtàn Festac.

Black Orpheus ni orúkọ ìwé náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1957 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ọdún kan lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí àwọn òǹkọ̀wé dúdú ṣe ní Paris. Ọmọ Jámánì ni àwọn méjì tó dá a sílẹ̀: Ulli Beier, tó ti wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1950, àti Janheinz Jahn. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló kọ́kọ́ bá wọn tẹ̀ ẹ́. Beier kì í ṣe ẹni tó jókòó ti tábìlì rẹ̀ ní yunifásítì. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, ó gbé Òṣogbo ìlú Òròkí, lẹ́sẹ̀ àwọn bàbá àti ìyá olórìṣà ló ti gbọ́ oríkì, tó sì ń fi wọ́n sínú ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó bá sì fẹ́ kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére, orúkọ Ṣàngódáre Àkànjí ni ó máa ń fi bọwọ́ lù ú. Susanne Wenger, aya rẹ̀ nígbà náà, tí Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló ya àwòrán sí ara ọ̀pọ̀ èèpo ìwé náà, àwọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ilà rẹ̀ a sì nípọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá yóò fẹ́ mú un lọ́wọ́ wò.

Igi kan kì í dágbó ṣe. Ní ọdún 1960, Wọlé Ṣóyínká àti Ezekiel Mphahlele di olóòtú pẹ̀lú Beier. Ọmọ South Africa ni Mphahlele. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nílé, ó sì ti gba Èkó wá ní 1957 láti kọ́ni ní CMS Grammar School. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ṣe ìwé wọn: ewì Gabriel Okara àti Christopher Okigbo wà níbẹ̀, ewì Aimé Césaire tí a yí láti èdè Faransé wà níbẹ̀, ìtàn kékeré wà níbẹ̀, àwòrán Uche Okeke, Demas Nwoko àti Ibrahim El-Salahi ti Sudan náà sì wà níbẹ̀, tí olórin, akéwì àti ayàwòrán fi rí ara wọn nínú ìwé kan ṣoṣo. Ní 1961 wọ́n gba ilé oúnjẹ kan tó ti jẹ́ ti ará Lẹ́bánónì láàárín ìgboro Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ẹgbẹ́ Mbari, orúkọ tí Chinua Achebe dábàá. Ní ọdún kejì, Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayo sí Òṣogbo.

Ibi tó dùn mí nínú ìtàn náà nìyí. Láti Paris ni owó kan ti ń wá bá Mbari àti ìwé náà, láti ọwọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: ní 1966 àti 1967 ni àṣírí tú pé àwọn amí ìjọba Amẹ́ríkà, CIA, ló wà nídìí àjọ náà. Èmi kò rí i nínú ìwé náà pé ẹnikẹ́ni bá wọn darí kálàmù, nítorí náà n kò ní tìtorí owó náà da iṣẹ́ wọn nù. Síbẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ máa bèèrè orísun owó kí ó tó náwọ́ gbà á. Ogun abẹ́lé sì tún dé. Beier ti kúrò nílùú ní ìparí 1966, ogun pa Okigbo ní 1967, wọ́n ju Ṣóyínká sẹ́wọ̀n lọ́dún kan náà. Ní 1968, J. P. Clark àti Abíọ́lá Ìrèlé gba ìwé náà ṣe.

Àwọn ìwé àtìgbàdégbà mìíràn tẹ̀ lé ipa wọn: Glendora Review ní Èkó ní 1995, tí Ọlákúnlé Tẹ́júoṣó tẹ̀ tí Dàpọ̀ Adéníyì sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, lábẹ́ ìjọba ológun, àti Chimurenga, tí Ntone Edjabe, ọmọ Kamẹrúùnù, dá sílẹ̀ ní Cape Town ní 2002. Àwọn ará Chimurenga ló kó àwòrán, lẹ́tà àti ìròyìn àjọyọ̀ 1977 jọ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019. Mo kí wọn, wọ́n kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni àwọn àlejò náà sùn sí, àwa kọ́ la sì kó ìwé rẹ̀ jọ.

Ẹ̀yin ará Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí òbí yín fi fọ́tò tàbí ìwé ètò ọdún náà sílẹ̀ sínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Abúlé Adó tí ẹ ń kọ ewì, tí ẹ ń yàwòrán, tí ẹ ń ya fíìmù, ẹ wá àwọn àgbà tó rí àjọyọ̀ náà lọ, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, bó ṣe ojú ìwé ogún péré ni agbára yín ká.