Omi Ẹ̀yìn Ilé Gàrí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹnjiníà kẹ́míkà ń ṣe, kó má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ilé ìfọpo. Kó gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kọjá. Yóò rí gọ́tà tí omi funfun dá dúró sínú rẹ̀, òórùn kíkan yóò ta á nímú, yóò sì rí i pé koríko etí gọ́tà náà ti kú. Ọmọ alágàrí ni mí, ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà sì ni mo kà ní yunifásítì. Omi yìí ni n kò yé rò láti ìgbà náà.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní kíláàsì kò le rárá: kí ló wọlé, kí ló jáde, níbo ni ìyókù wà? Ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ kò lè pòórá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gẹ́ ṣe ìṣirò ọ̀hún. Bí obìnrin kan bá ra 100 kìlò ẹ̀gẹ́ tútù, nǹkan bí 20 kìlò á bá èèpo lọ. Gàrí tó máa rí kó sápò kò lè ju 20 sí 25 kìlò lọ. Ó lé ní ìdajì ohun tó fowó rà tó ṣàn lọ lábẹ́ jáàkì, tàbí tó di oru lójú agbada.

Omi àti oru yẹn ò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tó fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹranko àti kòkòrò. Linamarin ni wọ́n ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lódindi, kò ṣe nǹkan kan, torí pé ẹ́ńsáìmù tó lè fọ́ ọ wà lọ́tọ̀. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni àwọn méjèèjì tó pàdé, tí sáyánáìdì sì jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ fi gbọ́dọ̀ kúnná dáadáa. Sáyánáìdì náà kì í pẹ́ fò lọ: ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ló ti ń hó, ọ̀sán lásán níbí gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀ ń fò lọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan nínú àpò, díẹ̀ ń bá omi lọ, iná agbada á wá lé ìyókù. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé láyé ijọ́un wà lára àwọn tó tan ọ̀nà tí à ń gbà ṣe gàrí yìí kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Rin ín, jẹ́ kó kan, fún un, sẹ́ ẹ, yan án. Mo ti wò ó títí, n kò rí èyí tí mo lè yọ kúrò níbẹ̀ kí ẹni tó máa jẹ gàrí má fara gbá a.

Ẹni tí kò bá dá lójú kó bi àwọn dókítà. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí àwọn èèyàn agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí wọn ń kọṣẹ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì tọpa àrùn náà dé sáyánáìdì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà. Lónìí, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex sọ pé sáyánáìdì inú kìlò gàrí kan kò gbọ́dọ̀ ju mílígírámù 2 lọ.

Ó dáa, a ti lé májèlé kúrò nínú abọ́. Ibo ló gbà? Ẹ̀yìn ilé ni. Òun ló ń bá àgbàrá wọ odò, òun ni ewúrẹ́ ń lá mọ́ èèpo tútù, oru rẹ̀ àti èéfín igi sì ni obìnrin tó jókòó ti agbada ń fà símú.

Ilé iṣẹ́ ńláńlá náà ní ẹ̀yìn ilé tiwọn. Ẹ wo ibuprofen tí a ń lò sí ara ríro. Ilé iṣẹ́ Boots nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe é, ìpele mẹ́fà ni wọ́n sì ń gbà. Nínú gbogbo èròjà tó wọlé, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ló lè di oògùn, ìyókù di ìdọ̀tí. Ní 1992, ilé iṣẹ́ BHC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpele mẹ́ta péré ṣe é ní ìlú Bishop, ní Texas, ìdá náà sì di 77. Oògùn kan náà ni o. Àwọn tó ṣe èyí ló yẹ ká máa pè ní akọni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Ní ẹ̀yìn ilé gàrí tiwa, ti èèpo ti ń yanjú. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn fi hàn pé bí a bá rin èèpo, tí a fún omi rẹ̀ dànù, wákàtí mélòó kan lóòrùn ló fi máa gbẹ, dípò ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó sì di oúnjẹ ẹran tí kò léwu. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan wá.

Omi ló le. A lè rọ ọ́ sínú táńkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí kòkòrò àìfojúrí jẹ sítáàṣì àti ṣúgà inú rẹ̀, kí wọ́n sì yọ mẹ́tééènì, gáàsì tó ń jó, fún wa. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gẹ́ kan gan-an: pH rẹ̀ ń lọ sí 4, nígbà tí àwọn kòkòrò tó ń ṣe mẹ́tééènì ń fẹ́ nǹkan bíi 7. Sáyánáìdì náà ń dà wọ́n láàmú kó tó mọ́ wọn lára. Ẹni tó bá da omi náà kún táńkì lẹ́ẹ̀kan náà, gáàsì rẹ̀ kò ní í pẹ́ dákẹ́. Ìgbẹ́ màlúù là ń kọ́kọ́ fi sí i, ká tó máa bu omi ẹ̀gẹ́ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ìyá alágàrí kan gbọ́ àlàyé mi dópin, wọ́n wá ní, "Gáàsì yẹn, ṣé á tó yan gàrí mi?"

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú wọn. Kìlò omi kan tó máa di oru ń gba nǹkan bí 2,260 kìlójúùlù, kí a má tíì sọ ti iná tó ń ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́ agbada. Kò lè tó, igi ṣì máa kún un. Mo ní kí wọ́n kúkú jẹ́ ká tún jáàkì náà fún mọ́lẹ̀ sí i, torí omi tí jáàkì bá ti fún jáde, igi kò tún ní láti sè é gbẹ mọ́, gáàsì inú táńkì á sì pọ̀ sí i.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bó bá gbẹ jù, kò ní í wú. Ta ló fẹ́ ra gàrí tí kì í wú?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sítáàṣì ń fẹ́ omi kó tó jinná lójú agbada. Ohun tí mò ń wọ̀n báyìí ni bí ẹ̀gẹ́ ṣe lè gbẹ tó lábẹ́ jáàkì kí gàrí rẹ̀ ṣì wú, àwọn ìyá yẹn ló sì ń bá mi tẹ́bà rẹ̀ wò.