Bí Máàkì Ṣe Ń Gòkè Nínú Ìdánwò GMAT

Ọdún 1954 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mélòó kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí wọn yóò fi máa wọn làákàyè gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ ìmọ̀ òwò lọ́dọ̀ wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí ó padà di GMAT. Láti ìgbà náà ni ó ti di oníbodè tí kì í mọ ọmọ ọba yàtọ̀ sí ọmọ tálákà (bí owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ dáadáa), tí ọ̀pọ̀ ọmọ Oòduà tó ń wá oyè MBA lókè òkun sì ní láti kí kí wọ́n tó wọlé.

Ìdánwò náà ti pa awọ dà. Láti ìparí ọdún 2023, ó di ìbéèrè 64 ní ìsọ̀rí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìṣirò, òye kíkà àti ìtúpalẹ̀ dátà. Àròkọ ti lọ, àtúnṣe gírámà ti lọ, jiọ́mẹ́tìrì náà ti lọ. Nítorí náà ẹni tó bá jókòó ti ìwé àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ ń fi òru rẹ̀ ṣòfò. Máàkì pàápàá ti yí padà, láti 205 dé 805, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó gba 645 lónìí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tó gba 700 láyé àtijọ́ dọ́gba.

Ní èrò tèmi, kì í ṣe ẹni tó ṣe ìbéèrè tó pọ̀ jù ni máàkì rẹ̀ ń gòkè, bí kò ṣe ẹni tó mọ ohun tó ń gbé e ṣubú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún gbogbo ìbéèrè tó ṣì, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìtan ara rẹ̀: ṣé kò mọ ìlànà rẹ̀ ni, àbí ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n ó ṣi ìbéèrè náà kà, àbí aago ló ń lé e? Ẹni tó ń ṣi ìbéèrè kà kò nílò olùkọ́ ìṣirò mìíràn. Ẹ wo oríṣi ìbéèrè kan nínú ìtúpalẹ̀ dátà, èyí tí kì í béèrè iye tí nǹkan jẹ́, tó jẹ́ pé bóyá àlàyé méjì tí wọ́n fún wa tó láti fi mọ iye náà ló ń béèrè. Àìmọye ọlọ́gbọ́n ló ń ṣe ìṣirò rẹ̀ dé òpin, nígbà tó yẹ kí wọ́n ti dúró lágbedeméjì.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n aago GMAT kò gbọ́ òwe. Ìbéèrè ìṣirò jẹ́ 21, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà a máa mú ìbéèrè le sí i bí a bá ti ń gbà á, a sì máa mú un rọlẹ̀ bí a bá ń ṣì í, ṣùgbọ́n ìyà tó tọ́ sí ẹni tó fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn ju ti ẹni tó ṣì lọ. Nítorí náà, kí a fi àmì sí èyí tó bá ta kókó, kí a mú ìdáhùn kan, kí a sì kọjá. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, òfin gbà wá láàyè láti pààrọ̀ ìdáhùn mẹ́ta ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò ìgbáradì méjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ GMAC tó ni ìdánwò náà. Kí a má ṣe lo méjèèjì tán ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹni tí máàkì àkọ́kọ́ tó gbà nínú ìdánwò gidi kò bá tẹ́ lọ́rùn lè padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 16, kò sì ju ìgbà márùn-ún lọ láàárín oṣù 12, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí èsì tí olóhun kò bá fi ránṣẹ́.