Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Owó Kí Ìlù Tó Dún?

Bí àjọ̀dún orin bá ń lọ lọ́wọ́, ara olórin àti onílù ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà. Kò sí ẹni tí í bojú wẹ̀yìn wo ọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí àtíbàbà, tí ó gbé ìwé kékeré kan lé itan, tí ó ń ṣe ìṣirò owó tí ó ti jáde àti èyí tí a kò tíì san. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjọ̀dún náà yóò tún wáyé ní àmọ́dún, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni ó yẹ kí á lọ béèrè, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọrin.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní ilẹ̀ wa pé kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú kan kó ara wọn jọ, kí wọ́n dá owó láàárín ara wọn, kí wọ́n sì pe àwọn olórin wá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, láìjẹ́ pé wọ́n tọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ kí ó wá fi pátákó tirẹ̀ bo ojú agbo. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ọdún kẹta, kì í sì í ṣe pé orin wọn kò dùn. Èmi náà ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ kan bẹ́ẹ̀, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. A ti fi ọkàn sí i pé owó ẹnu ọ̀nà ni a ó fi san owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò dé. Nígbà tí yóò fi di ọ̀gànjọ́, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ amúnáwá ti pa á, ó ní òun kò rí owó epo. Àwọn onílù gbé ìlù kọ́ èjìká, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé. Akápò wa, ọmọlúàbí ènìyàn, wá ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó má baà bá wọn pàdé.

Kò jí owó. Kò sí ẹni tí ó jí owó nínú gbogbo wa. Ohun tí a kò mọ̀ ni bí owó àjọ̀dún ti ń rìn. Obìnrin tí ó ra àpò ìrẹsì wá sí ọjà, bí ọjà kò bá tà lónìí, yóò di ẹnu àpò náà, yóò sì tún gbé e jáde lọ́la. Ta ni ó lè di ẹnu àpò orin alẹ́ àná? Gbogbo ìnáwó ni ó ṣáájú: àsansílẹ̀ olórin, owó ọkọ̀ wọn àti ilé tí wọn yóò sùn, orí ìtàgé, iná, epo, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìwé àṣẹ, àwọn ọ̀dẹ tí yóò ṣọ́ agbo. Ìwọ̀nba ìrọ̀lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ni owó fi ń wọlé, ní ìgbẹ̀yìn pátápátá. Ìtàgé tí a kàn fún igba ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín owó sí èyí tí a kàn fún ẹgbẹ̀rún méjì. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò ru ẹrù náà láti ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ ti jáde títí di ọjọ́ tí owó ẹnu ọ̀nà yóò fi wọlé. Ẹni náà ni ó ni àjọ̀dún, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara pátákó.

Nígbà mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1970, Michael Eavis, àgbẹ̀ onímàlúù kan ní abúlé Pilton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe àwọn olórin wá sí oko rẹ̀. Pọ́n-ùn kan ni owó ìwọlé, ó sì fi wàrà tọrẹ lé e. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ni ó wá, èyí tí ó kéré sí iye tí ó ń retí, ọkùnrin náà sì jẹ gbèsè. Oko yẹn ni àjọ̀dún Glastonbury tí ayé ń sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Fẹlá tiwa ti ṣeré ní ọdún 1984. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá lẹ́yìn náà. Fún àjọ̀dún ti oṣù Kẹfà ọdún 2024, oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni àwọn ènìyàn ti san £75 sílẹ̀, wọ́n sì san ìyókù nínú £355 ní oṣù Kẹrin. Kí a tó kan ìṣó kan mọ́ ìtàgé, owó ti wà nílẹ̀. Ẹrù tí ó fẹ́ kán ọrùn àgbẹ̀ kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń gbé báyìí.

Èyí tí ó wù mí jù lọ ni ti Newport, ìlú etíkun kan ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni George Wein, tí òun tìkára rẹ̀ ń tẹ dùùrù, ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin jáàsì ní ọdún 1954, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tọkọtaya ọlọ́rọ̀ kan, Louis àti Elaine Lorillard. Ní ọdún 1959 wọ́n dá ti orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ ṣe ìkejì rẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àjọ̀dún jáàsì ní ọdún 1960, ti orin ìbílẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó padà ní oṣù Keje ọdún 1963, ìṣe rẹ̀ ti yí padà. Pete Seeger olórin, Toshi ìyàwó rẹ̀ àti Theodore Bikel ti bá Wein pinnu pé àjọ̀dún náà kò ní jẹ́ ohun ìní ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí kì í pín èrè, àwọn olórin fúnra wọn ni wọ́n sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lórí owó kò gùn: olúkúlùkù ẹni tí ó bá kọrin, olókìkí tàbí aláìlórúkọ, $50 ni yóò gbà, pẹ̀lú owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn.

Ẹ ronú sí i ná. Ní ọdún yẹn, Joan Baez ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, òkìkí Bob Dylan sì ń gòkè bí oòrùn òwúrọ̀. Mississippi John Hurt náà wà níbẹ̀, àgbà òṣìṣẹ́ oko tí ó ti gba orin sínú àwo ní ọdún 1928, tí gbogbo ènìyàn sì ti gbàgbé, kí wọ́n tó tún wá a rí ní abúlé rẹ̀ ní ọdún 1963 yẹn gan-an. $50 ni ti Dylan, $50 ni ti bàbá àgbẹ̀ náà. Àwọn tí ó wá wòran láàárín ọjọ́ mẹ́ta lé ní 40,000. Kì í ṣe orúkọ bàbá àgbẹ̀ ni ó fa èrò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn fà wọ́n ni ó yọ̀ǹda owó tiwọn kí a lè rí owó pe ẹni tí kò lórúkọ. Àwọn olórin ni ó ru ẹrù ọdún náà.

Owó tí ó ṣẹ́kù kò lọ sí àpò ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi rán Ralph Rinzler lọ káàkiri abúlé láti wá àwọn tí ó ṣì mọ orin àtijọ́ kàn. Ní ọdún 1964, ó kó àwọn olórin Faransé ti Louisiana wá, tí Dewey Balfa wà lára wọn, nígbà tí àwọn kan ní ilé tilẹ̀ ń tijú orin náà. Èrò Newport pàtẹ́wọ́ fún wọn títí, Balfa sì padà sí ilé pẹ̀lú ìgboyà láti jà fún orin baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Newport fi owó ran ìdíje orin lọ́wọ́ ní Louisiana fúnra rẹ̀. N kò mọ iye àjọ̀dún wa tí ó ti fi náírà kan ṣọwọ́ sí arúgbó onídùndún tàbí onírárà ní oko lẹ́yìn tí ọdún ti parí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí á fi túláàsì mú àwọn ọ̀gá olórin wa gba iye kan náà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè dúró àfi bí ẹni tí ó tóbi jù bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Èmi kọ́ ni ẹ ó sì rán lọ bá ọ̀gá onífújì láti sọ fún un pé iye tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbà ni òun náà yóò gbà.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí Newport gbà kò gbà á lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ní oṣù Keje ọdún 1971, àwọn ọ̀dọ́ tí kò sanwó, tí wọ́n ti pàgọ́ sí orí òkè lẹ́bàá ibẹ̀, ya ọgbà wọlé sí àjọ̀dún jáàsì, wọ́n sì gba orí ìtàgé. Àjọ̀dún náà túká. Ìlú kò sì jẹ́ kí ti orin ìbílẹ̀, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, wáyé ní oṣù yẹn. Ọdún 1985 ni ó tó padà, òwò ni ó sì bá dé. Wein ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2007; nígbà tí ó di ọdún 2009, ẹsẹ̀ àwọn tí ó rà á kò ranlẹ̀ mọ́, bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún náà sì tún padà wá gbé e ró. Ní ọdún 2011 ni ó tún di ti ẹgbẹ́ tí kì í pín èrè, bí ó ti wà ní ọdún 1963.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á kúkú wá ọlọ́rẹ àánú tí yóò gbé ẹrù náà. Ẹ jẹ́ kí á wo Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Láti oṣù Kejì ọdún 2004 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Sauti za Busara nínú odi àtijọ́ tí ó wà ní Stone Town. Iye tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń san ní ẹnu ọ̀nà kéré púpọ̀ sí ti àlejò. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, nítorí kí ni àǹfààní àjọ̀dún tí onílé ń dúró ní ìta gbọ́ nígbà tí àlejò jókòó nínú? Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà kò tó ìnáwó. Àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń dí èyí tí ó kù. Ọlọ́rẹ sì ni ó ń yan ọjọ́ tí ọrẹ yóò parí. Ní ọdún 2015, àwọn alábòójútó kéde pé owó tí ó wà ní ọwọ́ kò tó, àti pé kò ní sí àjọ̀dún ní ọdún 2016. Ó tún padà ní ọdún 2017. Láàárín ìgbà náà, olórin kò ṣẹ̀, òǹwòran kò ṣẹ̀, àwọn tí ó ń ta oúnjẹ ní etí odi náà kò ṣẹ̀. Wọ́n kàn jókòó ní ilé ni.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀nà kan wà tí a ti ń gbé ẹrù yìí láti ìgbà pípẹ́, tí a kò sì kà á sí ọ̀rọ̀ ìṣúná rárá. Òun ni owó tí a ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú. Ẹni tí ó pe olórin yóò fún un ní ìwọ̀nba owó, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún agbo. Bí agbo bá lówó lọ́wọ́, olórin a gbé àpò lọ sí ilé. Bí agbo bá gbẹ, olórin ni ó gbẹ. A jẹ́ pé olórin ni a gbé ẹrù lé lórí, a kò sì bi í bí Seeger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bi ara wọn. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sì ti ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní òde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2024 ìjọba fi hàn pé òun kò ṣeré, nítorí a rán ẹnì kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ṣì ń sọ fún olórin pé agbo yóò tọ́jú rẹ̀ ń tì í sí ẹnu ìbọn ni.

Kí ni kò jẹ́ kí á lo àjọ tí àwọn ìyá wa fi ra ilẹ̀, tí wọ́n fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí regbẹ́regbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti fi oṣù púpọ̀ dá owó aṣọ àti ti onílù wọn láàárín ara wọn. Kò sí àpò kan ṣoṣo tí ó lè já kí gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò fún ìlú kékeré kan. Bí 300 ènìyàn, ará ilé àti ará ẹ̀yìn odi, bá ń dá ₦1,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá, ₦3,000,000 ni yóò wà nílẹ̀ kí a tó ránṣẹ́ sí onílù kankan. Olórin tí owó náà bá ká ni kí á pè, kì í ṣe pé kí á kọ́kọ́ pe olórin kí á tó máa wá owó. Kí á san owó àwọn onílù pé kí wọ́n tó gùn orí ìtàgé. Owó ẹnu ọ̀nà, bí òjò bá jẹ́ kí ó wà, kí á má fi ọwọ́ kàn án. Kí ó di ìpìlẹ̀ ti àmọ́dún. Kí a sì lẹ ìṣirò gbogbo rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, ní náírà àti kọ́bọ̀, kí ẹni tí ó dá ₦1,000 lè kà á. Bí òjò bá rọ̀ nígbà náà, ₦10,000 ni olúkúlùkù pàdánù, kò sì sí ẹni tí yóò ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Akápò wa tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ san gbèsè náà tán ní oṣù keje. Owó kòkó rẹ̀ ni ó fi san án, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ wà nínú ìgbìmọ̀ sì ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Onígángan tí ó dàgbà jù láàárín àwọn onílù náà ni ó gba owó tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dúpẹ́, ó sì béèrè bóyá a ó tún ṣe é ní ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa.