Bí Ètò Ṣe Ń Dé Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí rẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bá Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wí lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè láti fèsì. Wọn kò fún un. Ó wá rí i pé ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa yan ohun tí a óò gbọ́.

Báwo ni wọ́n ti ń yàn án? Ká ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní Aramọkọ fẹ́ ṣe ètò lórí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Wọn yóò kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Adó-Èkìtì. Wọn yóò sọ ohun tí ètò náà dá lé, iye ìṣẹ́jú rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ọ̀gá tí ó ń bójú tó ètò yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìlú òyìnbó, bí BBC bá fẹ́ràn ètò, BBC ni yóò sanwó fún ẹni tí ó ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó ṣe ètò máa ń sanwó kí wọ́n tó gbé e jáde! Yóò wá onígbọ̀wọ́ kiri. Ṣebí ẹ ti rí i bí ọṣẹ àti ìpara ṣe máa ń já lu eré níbi tí ó dùn jù? Onígbọ̀wọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó kò lè ra ohun gbogbo. Àjọ kan wà tí à ń pè ní NBC. Ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1992, ó sì ní ìwé òfin. Òfin náà sọ pé a kò gbọdọ̀ ta ìròyìn. Ohun tí kò yẹ ọmọdé, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ kí a tó fi hàn. Èsì ìbò sì nìyí: ohun tí àjọ elétò ìdìbò bá kéde nìkan ni kí a sọ.

Òfin ìkẹyìn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Èkìtì. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, ọdún 2018, a dìbò gómìnà. INEC kò tíì kéde èsì tí Gómìnà Fáyóṣé fi sọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ pé igbákejì òun ni ó wọlé. NBC ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Nígbà tí INEC kéde, Fáyemí ni ó wọlé. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń yan àwọn olórí NBC, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní òṣèlú nínú. Síbẹ̀, ìkéde ìbò kì í ṣe eré. Ní 1983, nígbà tí wọ́n kéde ìbò gómìnà Oǹdó, tí àwa Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ilé jó, ènìyàn kú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ètò kan bá purọ́ mọ́ yín, òfin fún yín láyè láti fèsì. Ẹ kọ orúkọ ètò náà sílẹ̀, àti ọjọ́ àti aago tí ẹ rí i. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà kíákíá. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí NBC, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i. Ojú ewé kan ti tó. Ẹ má gbàgbé àdírẹ́sì yín.