Ohun Ìṣeré Tó Ń Pe Ọwọ́ Méjèèjì

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi wà ní oṣù 7, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń mú nǹkan. Inú ìyá wa dùn: "Ọmọ tó ti mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń gba nǹkan!" Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń rí nílé Yorùbá tí ọmọ bá na ọwọ́ òsì sí àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í sábà yan ọwọ́. Tó bá ń pa ọ̀kan tì nígbà gbogbo, ìbáà ṣe ọ̀tún tàbí òsì, ẹ tètè sọ fún dókítà yín. Ó lè jẹ́ àmì cerebral palsy, tó máa ń wá bí ọpọlọ bá farapa nínú oyún, nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Eré ni wọ́n fi yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní Mini-AHA, fún ọmọ oṣù 8 sí 18. Ọmọ á máa ṣeré, wọ́n á gbà á sí fídíò, wọ́n á wá jókòó wo bí ọwọ́ tí kò lágbára ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́.

Ohun ìṣeré tí wọ́n bá yàn ṣe pàtàkì gan-an. Èyí tí à ń mì kó dún, ọwọ́ kan ti tó o. Kò ní fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n agolo tó ní ìdérí, ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan dì í mú kó tó fi èkejì ṣí i. Bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ kan ò ká náà dára, àti ìlù kékeré tó máa yí dànù bí a ò bá dì í mú. Tó bá le jù, ọmọ á jù ú nù, á bú sẹ́kún, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ọwọ́ ni kò gbà á ni àbí eré náà ni kò yé e. Èyí tó ń tanná tó ń dá kọrin? (Èyí tí àwa òbí máa ń sáré rà!) Ọmọ á kàn jókòó tì í, á máa wò ó ni.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, tí ẹ bá ń bá àbúrò yín ṣeré, àárín iwájú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé nǹkan sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má fipá fa ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ní sùúrù kí ẹ wò ó.

Ọmọ àbúrò mi ti pé ọdún 3 báyìí. Ọ̀tún ló fi ń mú ṣíbí, òsì ló fi ń di abọ́ mú.