Kí Ẹ Tó Ra Bọ́ọ̀dù fún Pírójẹ́ẹ̀tì Yín, Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Wo Ibi Tó Ti Máa Ṣiṣẹ́

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n mi tó ń sin adìyẹ ní Ẹrúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, pè mí lórí fóònù. Kò dúró gba ìkíni. "Àbúrò, ẹ̀rọ ẹ sùn lọ o. Ọmọ adìyẹ mọ́kànlélógún ló ti kú."

Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa wo bí ilé adìyẹ ṣe gbóná tó, kó sì ké tí òtútù bá fẹ́ wọlé. Ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó nílò ooru tó tó 32°C sí 35°C. Èédú ni ẹ̀gbọ́n mi ń dá síbẹ̀. Tí èédú bá kú lóru tí ẹnikẹ́ni ò jí, àwọn ọmọ adìyẹ á rọ́ jọ sójú kan, wọ́n á sì tẹ ara wọn pa.

Kóòdù mi ò ní àṣìṣe. Sensor mi náà dáa. Bọ́ọ̀dù tí mo yàn ni kò bá ibẹ̀ mu.

Chip yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù

Microcontroller ni kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú chip kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí wọ́n to chip yẹn sí, pẹ̀lú ojú USB, ohun tó ń dín agbára iná kù, àti iná kékeré tó máa ń tàn. Ẹ wò ó bí ọ̀kadà: chip ni ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀dù ni ọ̀kadà lódindi. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì àmọ́ tí iná iwájú ṣì ń tàn, bátìrì ò ní pẹ́ kú.

Arduino Uno ni mo lò, torí òun ni wọ́n fi kọ́ wa. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì dáa gan-an fún kíkọ́ iṣẹ́. Àmọ́ bọ́ọ̀dù Uno máa ń jẹ iná tó tó 45 mA, kódà tí kò bá ṣe nǹkan kan. Bátìrì mi jẹ́ 2,600 mAh. Ẹ fi 45 pín 2,600: ó lé díẹ̀ ní wákàtí 57. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé e síbẹ̀. Ẹ ka wákàtí 57 láti ìgbà yẹn, ẹ máa bọ́ sí agogo mẹ́ta òru ọjọ́ Ajé. Ìṣirò ìṣẹ́jú kan, mi ò ṣe é.

Ìbéèrè mẹ́ta kí owó tó jáde

*Níbo ni iná ti máa wá?* Tí NEPA ò bá dé ibẹ̀, ẹ wá chip tó lè sùn, kó máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Chip ESP32 lè sùn lórí nǹkan bí 0.01 mA. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: iná kékeré àti chip USB orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í bá a sùn.

*Ta ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn?* ESP32 ní Wi-Fi àti Bluetooth, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ Wi-Fi ta lẹ fẹ́ bá so pọ̀ nínú oko lẹ́yìn Akanran? Ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù yín lọ síbẹ̀, kí ẹ wo nẹ́tíwọ̀kì. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi SMS ránṣẹ́, SIM800L lè fa iná tó tó 2 A lójijì, kò sì mọ̀ ju 2G lọ.

*Volt mélòó ni sensor ń lò?* Uno ń lo 5 V. ESP32 àti Raspberry Pi Pico, tó jáde ní 2021 ní dọ́là mẹ́rin, ń lo 3.3 V. Tí ẹ bá fi 5 V sí pin wọn, chip lè bàjẹ́. DS18B20 tí mo fi ń wọn ooru ń ṣiṣẹ́ láti 3.0 V dé 5.5 V, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju ìdajì digírì lọ níwọ̀n ooru ilé adìyẹ. DHT11 tó wọ́pọ̀ lè fi digírì méjì ṣìnà.

Ohun tí mo wá lò

Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn nítòsí adìyẹ rẹ̀. Kò nílò Wi-Fi, buzzer tó ké dáadáa ti tó o. Ni mo bá ra Pro Mini, oríṣi 3.3 V. ATmega328P tó wà lórí Uno náà ló wà lórí ẹ̀, àmọ́ kò ní chip USB, mo sì yọ iná kékeré rẹ̀ kúrò. Ó ń sùn, ó ń jí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó ń wo ooru, ó tún ń wo bátìrì ara rẹ̀. Tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, ohùn mìíràn ló máa fi ké. Oṣù là ń kà lórí bátìrì kan báyìí, kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ má yan bọ́ọ̀dù torí pé ọ̀rẹ́ yín lò ó, tàbí torí pé òun ló ní agbára jù. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa lò ó.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ tuntun náà ké lẹ́ẹ̀mejì lóru. Ẹ̀gbọ́n mi jí lẹ́ẹ̀mejèèjì.