Ikú Samuel Okwaraji àti Àwọn Ọmọ Tí Mò Ń Kọ́ Ní Bọ́ọ̀lù

Kò tíì pé ọdún méjì tí Samuel Okwaraji bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ Nàìjíríà tí ikú fi mú un lọ. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Lọ́yà tó gboyè másítà nínú òfin àgbáyé ní Yunifásítì Róòmù ni, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù jẹun káàkiri Yúróòpù, láti Zagreb títí dé Jámánì. Nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Kamẹrúùnù ní Mòrókò lọ́dún 1988, àwa tá a ń fi rédíò gbọ́ ọ ní Kàdúná níbí, ariwo la fi bẹ́.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Nàìjíríà gba Àǹgólà lálejò ní Sùúrùlérè, nítorí àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Eré ti ń lọ sópin nígbà tí Okwaraji ṣubú lulẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbá a, ẹnikẹ́ni ò tì í. Kò dìde mọ́. A jẹ góòlù kan sí òdo, ṣùgbọ́n ta ló rójú yọ̀?

Ládùúgbò wa, wọ́n ní ayé ló ṣe é, pé wọ́n ń jowú ìwé tó kà. Àyẹ̀wò òkú sọ ọ̀tọ̀: ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, torí okùn kékeré tí wọ́n ń wé mọ́ apá ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru hàn.

Bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wú bá ń sáré, lílù ọkàn náà lè dàrú lójijì. Dípò kó máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ, á kàn máa gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ, olúwarẹ̀ á dákú. Bí wọ́n bá tètè ń fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láyà léraléra, tí ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn sì wà nítòsí, ó lè yè é. Ọkàn agbábọ́ọ̀lù Fabrice Muamba dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 78 ní London lọ́dún 2012, ó sì wà láàyè. Chineme Martins ti Nasarawa United, tó ṣubú ní Lafia lóṣù kẹta ọdún 2020, kò yè é.

Àwọn ọmọ ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Kàdúná, ìlú tí Rashidi Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ UNTL kó tó lọ sí Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì kan máa ń bá mi wá wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó ṣe ń wé okùn náà ni wọ́n ń pariwo pé, "Kóòṣì, ó ń fún mi lápá o!" Láìpẹ́ yìí, ti ọ̀kan lára wọn fi 160 lórí 100 hàn. A ní kó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, kó sinmi dáadáa. A tún un wò, kò wálẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní, "Kóòṣì, àrùn àgbà lẹ̀ ń sọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Káyọ̀dé."

Mo ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Okwaraji?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun rántí. Wọ́n ti lọ sọ́sibítù. Dókítà ní kí ọmọ náà má tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí wọ́n á fi ya àwòrán ọkàn rẹ̀ tán. Inú ń bí Káyọ̀dé sí mi gan-an. Kó máa bínú.